Kò Sí Ìkúnlẹ̀ Lẹ́yìn Ìlà Pupa

Orúnkún mi ló kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà lójú ẹni tó bá ń kà á, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àwàdà lára mi rárá. Oúnjẹ ò wù mí jẹ, mo sì ń dá sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá láti ilé títí dé Ìyànà Ìbà, débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan bi mí pé ṣé fóònù ni mò ń gbọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo etí mi, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti jókòó sílé pẹ́ débi pé àwọn aládùúgbò wa ní Ìbà ti dẹ́kun bíbéèrè pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Bọ́tánì ni mo kà ní yunifásítì. Tí mo bá sọ ọ́ fún èèyàn, wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á sì rọra dákẹ́, bí ẹni tó wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mi kì í bínú sí wọn. Mo mọ̀ pé wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá sọ, èmi náà ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ.

Màmá mi ní tiwọn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àbúrò wọn ọkùnrin sì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adó. Àbúrò wọn yìí ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Màmá mi ti bá a sọ ọ́ tán: tí mi ò bá ríṣẹ́ kí wọ́n tó wọlé táàmù tuntun, kí n di ẹrù mi, ó di Adó. Adó dára. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kórìíra Adó. Ṣùgbọ́n Ìbà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá gbé ẹrù náà, èmi gan-an ti fọwọ́ sí i pé Èkó ti jù mí nù.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe, irú èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tí wọ́n ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìpékeré ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń dín ìpékeré ní Òkokomáíkò ti ṣèlérí pé àwọn yóò rán èèyàn wá dán wa wò níparí ẹ̀kọ́ náà, àti pé àwọn yóò gba díẹ̀ nínú àwọn tó bá yege síṣẹ́. Mo rò ó pé ẹni tó ka bọ́tánì kò jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màmá mi rò ó pé ó jìnnà gan-an. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé kan ni a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ní Ọ̀jọ́, lọ́nà tó lọ sí Navy Town. Ilé náà jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí ìlú náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá onílé. Ẹni tó ń kọ́ wa jẹ́ obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ títí irun orí wọn fi ń funfun, Màdáámù là ń pè wọ́n. Wọn kì í pariwo. Tí inú bá bí wọn, ṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀, tí a ó sì máa sún mọ́ wọn kí a lè gbọ́ ìbáwí dáadáa.

Màdáámù fi ọ̀dà kun ìlà pupa kan sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Níwájú ìlà yẹn, ẹ lè ṣe bó ṣe wù yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ títí dé ìgúnpá, kí ẹ ti wọ kóòtù funfun, nẹ́ẹ̀tì lórí, ìbòmú lẹ́nu, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Bàbá onílé ṣe ń kọjá níta, Màdáámù dúró sórí ìlà náà, wọ́n sì sọ fún wa pé: "Ohunkóhun tó bá kan ilẹ̀, ìdọ̀tí ni. Ì báà jẹ́ ọ̀bẹ, ì báà jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ì báà jẹ́ ọwọ́ yín." Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Ó rọrùn láti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, epo ti ń gbóná, nígbà tí Bàbá onílé yọ lẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti pákò lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Kò sí ẹni tó dúró ronú. Àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ kanlẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, àwọn kan sì fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú nínú bàtà rọ́bà. "Ẹ káàárọ̀ sà." Inú Bàbá dùn. Wọ́n gbàdúrà fún wa díẹ̀, wọ́n sì wo gbogbo ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà yíká kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí a dìde, Màdáámù ti pa iná epo. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ ìbọ̀wọ́, kí a da ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa nù, kí a lọ fọwọ́ lákọ̀tun. Wọ́n wá fi òfin kan kún un: kò sí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ìlà pupa, kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sí bíbọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnu nìkan ni ká fi kí àgbà, lórí ìdúró, ká sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá tún fi ọwọ́ tàbí orúnkún kan ilẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ti ṣubú nìyẹn, ilé iṣẹ́ náà kì í fojú fo irú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú mi ni ìyàwó ṣọ́jà kan láti Ọ̀jọ́ Cantonment. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n nítorí wọ́n jù mí lọ, gírádúéètì ni wọ́n ń pè mí. Àǹtí ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú òfin tuntun yìí. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń gbé bárékè, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá làwọn ń kí lórí ìdúró, pé tó bá di dandan, àwọn á kúkú ṣe sàlúùtì fún Bàbá. Wọ́n sì ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Bàbá onílé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ọwọ́ tiwọn náà sókè. Gbogbo àwọn tó kù kí Bàbá lórí ìdúró. Èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo búra fún Màdáámù pé mi ò mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi okùn fa orúnkún mi láti Èkìtì. Mo tún fọwọ́, mo tún wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ìtìjú sì mú mi débi pé omijé ń bọ̀, mi ò sì lè nù ún nítorí pé a ò gbọ́dọ̀ fi ìbọ̀wọ́ kan ojú. Àǹtí ní, "Gírádúéètì, ẹkún náà ò gbọ́dọ̀ kán sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Iyọ̀ tí a bù sí i ti tó."

Mo pinnu pé n ó máa kọ́ ọ nílé. Láràárọ̀ kí n tó jáde, n ó dúró síwájú fíríìjì ní kíṣìnnì, n ó na ẹsẹ̀ mi gbọnrangandan, n ó sì sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà."  Mo ti ń rò pé mo ti ń mọ̀ ọ́n nígbà tí Màmá mi gbé tíì wọn wọlé lọ́jọ́ kan.

"Ta lò ń kí báyẹn?"

"Fíríìjì ni, mà."

Wọ́n wo fíríìjì, wọ́n wò mí. "Fíríìjì yẹn jù ọ́ lọ. Ó ti wà nílé yìí kí n tó bí ọ. Kí i dáadáa."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé kòkòrò àrùn, mo ṣàlàyé ìbọ̀wọ́, mo ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí, pé kì í ṣe pé mo ti ń sọ ẹ̀kọ́ ilé nù, pé èmi gan-an ni ó ń dùn jù. Mo ṣàlàyé débi pé tíì wọn tutù. Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá bi mí pé iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ Èkìtì kúnlẹ̀ kí àgbà, irú iṣẹ́ wo nìyẹn?  Wọ́n gbé tíì wọn, wọ́n sì rán mi létí pé táàmù tuntun ò jìnnà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ṣeé ṣe. Bàbá onílé wọlé, wọ́n kí wa, mo sì dúró. Mo di etí tábìlì mú, mo na ẹsẹ̀ mi, mo sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," bí ìgbà tí mò ń kí fíríìjì.  Bàbá wò mí, wọ́n bi Màdáámù pé kí ló ń ṣe gbogbo àwa ọmọ yìí gan-an. Màdáámù, nínú iṣẹ́, láì gbójú sókè, tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ sọ fún wọn: "Bàbá, ilẹ̀ ni. Ohun tó bá kan ilẹ̀, ìdọ̀tí ni." Bàbá yí padà, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, omi ò yọ. Omi ẹ̀rọ Bàbá ni a ń lò, páǹpù rẹ̀ sì wà nínú ọgbà wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pé páǹpù ti bàjẹ́. A dúró níwájú síǹkì tó gbẹ, gbogbo wa sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń ya sínú ike ńlá níwájú ilé wọn. Láìsí omi, kò sí ọwọ́ fífọ̀. Láìsí ọwọ́ fífọ̀, kò sí ẹni tí yóò kọjá ìlà pupa. Màdáámù ní bí omi ò bá yọ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ilé iṣẹ́ náà yóò lọ mú èèyàn níbòmíràn. Mo ronú kan Adó. Mo ti ń rí ara mi níwájú pátákó ìkọ̀wé, tí àbúrò Màmá mi ń yọjú láti fèrèsé.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ bẹ Bàbá. Àǹtí ló dá a lábàá. Wọ́n ní ìdúró mi ló dun Bàbá jù lọ, nítorí èmi ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí kò fún ni ní nǹkan rí kì í dunni tó bá lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ Àǹtí kí wọ́n tẹ̀ lé mi.

A bá Bàbá níwájú ilé wọn, wọ́n jókòó sórí àga oníke, wọ́n ń wo ọ̀nà. Níbẹ̀, kò sí ìlà pupa. Mo kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, ara mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní kì í ṣe pé mi ò bọ̀wọ̀ fún wọn, mo ní inú mi ń bàjẹ́ nígbàkígbà tí mo bá dúró, mo ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nílé wà lára mi síbẹ̀, mo ní bí wọ́n bá lè rí inú ọkàn mi, wọn á rí i pé orúnkún mi ti kanlẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ gùn débi pé Àǹtí fi ẹsẹ̀ tọ́ mi lẹ́yìn.

Bàbá yọ pákò lẹ́nu. "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀?"

Wọ́n fi pákò náà tọ́ka sí gbọ̀ngàn.

"Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ìkúnlẹ̀ ń pa bí ebi. Ilẹ̀ mi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi da sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yẹn. Kí ẹ tó dé láràárọ̀, mo ti gbá a, mo ti fi omi ọṣẹ nù ún. Ọ̀gá yín wá dúró lójú gbogbo ayé, ó pè é ní ìdọ̀tí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ náà lanu gbé mi mì. Gbogbo ìgbà tí mo ti rò pé ìkí wa ni Bàbá ń wá gbà láràárọ̀, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń wá wò. Wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò sọ pé ó mọ́. Inú mi bàjẹ́ fún wọn, ẹ̀rín sì ń bọ̀, ìbínú sì mú mi sí ara mi nítorí ẹ̀rín náà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo ní kì í ṣe ìdọ̀tí tí ojú ń rí ni Màdáámù ń sọ, pé kòkòrò kan wà tí ojú èèyàn ò lè rí.

"Kòkòrò," ni Bàbá wí. "Nílé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Rárá, sà. Nílé gbogbo èèyàn, sà."

"Tí ojú ò bá rí i, ta ló wá rí i tó fi mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé?"

Àǹtí ló gbà mí. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má dá gírádúéètì lóhùn. Ilẹ̀ yín mọ́. Ẹsẹ̀ wa ló ń gbé kòkòrò wá. Láti bárékè ni mo ti ń rù ú bọ̀ lábẹ́ bàtà, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ yín láràárọ̀. Àwa ló yẹ kí ẹ bínú sí."

Bàbá wo ẹsẹ̀ Àǹtí. Wọ́n wo tèmi náà. Nǹkan kan rọ̀ lójú wọn. Wọ́n ní, àṣé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kí ló dé tí ọ̀gá yín ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Àǹtí ní kí wọ́n wá wọṣọ, kí wọ́n bá wa wọlé, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí àwa ọmọ aráyé ń ṣe sí ilẹ̀ wọn.

Bí omi ṣe yọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá onílé dé, wọ́n fọwọ́ títí dé ìgúnpá, wọ́n wọ kóòtù funfun, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo fìlà wọn mọ́lẹ̀ nítorí wọ́n ní àwọn ò ní bọ́ fìlà nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màdáámù bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí náà, wọ́n sì fi wọ́n sídìí ajere, níbi tí epo ti ń jò lára ìpékeré. Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá le ju Màdáámù lọ. Tí ẹnìkan bá kàn fẹ́ tún bàtà ṣe, a ó gbọ́ ohùn wọn láti ìdí ajere: "Má bẹ̀rẹ̀ o. Ilẹ̀ mi ni." Mi ò tún kúnlẹ̀ mọ́, nítorí wọn ò gbà mí láyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn mi lójoojúmọ́, mo sì ń bẹ̀rù wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Màdáámù ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, Bàbá sì ní ta ni yóò wá bójú tó ilẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún kálukú ni pé kí ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó gé e, kí ó dín in, kí ó jẹ́ kó tutù, kí ó sì dì í sínú ọ̀rá. Tèmi dín dáadáa. Ó pọ́n bó ṣe yẹ, ó sì ń dún kàràkàrà. Mo tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ irin kó lè tutù, mo sì dúró tì í. Mo rántí pé mo ronú pé, tí n bá lè dúró báyìí títí wọn á fi lọ, ó parí.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ náà rán wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó wọ gbogbo ohun tó yẹ, ó kọjá ìlà pupa. Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì láì sọ nǹkan. Ó ti dé ọ̀dọ̀ tèmi, ó ti ń wo pẹpẹ mi, nígbà tí Bàbá wúkọ́ láti ìdí ajere. Ó gbójú sókè. Ó wo ojú Bàbá lókè ìbòmú.

Lójijì, ó ti wà nílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Ọmọ ilé wọn ni. Bàbá àgbà rẹ̀ àti Bàbá onílé jọ dàgbà nínú agboolé kan náà ni, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wá kí wọn. Bàbá gbàgbé òfin. Wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un, ojú wọn ń tàn. Ọkùnrin náà dìde, ó ń rẹ́rìn-ín wàyí, ó yíjú padà sí pẹpẹ mi, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ láti mú ìpékeré kan kó lè ṣẹ́ ẹ wò.

Ọwọ́ kan náà ni.

N ó gbìyànjú láti sọ ohun tó wà nínú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ rárá. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀. Mo rò pé òun ló mú iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo rò pé ta ni èmi tí mo máa bá ọmọ Bàbá wí lójú Bàbá. Mo tún rò pé tó bá fi ọwọ́ kàn án, ìpékeré náà ò dára mọ́, èmi ni mo sì máa dì í sínú ọ̀rá, n ó sì mọ̀. Màdáámù wà lókèèrè, ojú wọn wà lára mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Ohun tó burú jù nínú Yorùbá ni pé ẹnu ò lè dá bẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe ní "Ẹ jọ̀ọ́" báyìí ni orúnkún mi ti ń lọ. Mo di tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń bẹ ọkùnrin yẹn lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó. Mo ní kó má bínú, mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ tẹ́ ẹ, mo ní èmi fúnra mi ti kúnlẹ̀ níbí láìmọye ìgbà nítorí náà mo mọ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn, mo ní ohun tó ṣe dára, pé bí mo bá jẹ́ ìyá rẹ̀ inú mi á dùn, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ náà ti kan ilẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣe ìdánwò fún ọ?" ló wí.

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn."

  Ọkùnrin náà yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó wo ìbọ̀wọ́ náà. Bàbá onílé ní, jẹ́jẹ́, pé ilẹ̀ náà mọ́ o, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún láàárọ̀ yìí ni. Wọ́n sì fi kún un pé àmọ́ kí ọmọ àwọn lọ fọwọ́, nítorí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yìí.

Ó jáde lọ. A gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà, kóòtù tuntun ló wọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú ìpékeré kan, ó ṣẹ́ ẹ, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó lọ sí tábìlì tó kù. Kò wo ojú mi. Àǹtí rọra sọ fún mi pé bóyá kí n kúkú lọ di ẹrù Adó sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì ní eré ni àwọn ń ṣe. Mi ò sùn dáadáa títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gé e kúrú, mo ń wá ibi tí mo lè ti dúró lẹ́yìn "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ibi tó yẹ kí n dúró náà nìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ilé iṣẹ́ náà pè mí lórí fóònù. Ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ gbẹ bíi ti ọjọ́ ìdánwò. Ó ní wọ́n ti gba Àǹtí sídìí dídín, pé àyè kan sì wà fún èmi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nídìí dídín. Ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa dúró síbi tí àwọn èèyàn ti ń wọlé, tí yóò máa wo ọwọ́, bàtà àti orí, tí yóò sì máa dá ẹni tí kò bá mọ́ padà, ì báà ṣe ọ̀gá, ì báà ṣe àlejò. Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń tijú àwọn àgbà. Mo ní èmi náà ń tijú wọn. Ó ní òun mọ̀, òun ti rí i.

Mo sáré lọ sọ fún Màmá mi. Wọ́n wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti ríṣẹ́. Wọ́n yin Ọlọ́run, wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n ní kí ni iṣẹ́ náà. Mo ní ẹnu ọ̀nà ni n ó máa dúró sí.

"Ọmọ tó lọ sí yunifásítì. Géètì lo fẹ́ máa ṣọ́."

Mo ṣàlàyé. Mo gbìyànjú láti ṣe é ní kúkúrú, kò sì kúrú. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Gbogbo èèyàn lo máa máa yẹ̀ wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Títí kan ọ̀gá pátápátá."

"Tí èmi bá wá síbẹ̀ ńkọ́?"

Mo mọ èsì tí wọ́n fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wà lẹ́nu mi, ó sì rọrùn láti sọ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. "Ẹ ó fọwọ́ yín kí ẹ tó wọlé, mà."

"Lójú gbogbo èèyàn."

"Pẹ̀lú ọṣẹ, mà. Títí dé ìgúnpá."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ò ní wá. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà wọn, wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí n lọ wá nǹkan jẹ. Mo wà ní yàrá nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀, wọ́n ń bá àbúrò wọn ní Adó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kó wá olùkọ́ mìíràn. Ó jọ pé ó bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni mo rí, nítorí wọ́n wá gbóhùn sókè gan-an bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára fún.

"Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni. Kò sẹ́ni tó lè wọlé síbẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ mi gbà fún un."